Iná ló ń pa sáfà inú ilé, kì í ṣe ọjọ́ ogbó

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì ti ń ní sáfà tiwọn nílé báyìí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún àwọn ẹ̀rọ míì. Ó dára bẹ́ẹ̀: ohun téèyàn bá bà jẹ́ nílé kò ní dí owó oṣù ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ ilé tí iná kì í lọ ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún.

Sáfà ńlá tókunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà lè máa fa wáàtì 150 láìṣe nǹkan kan, ariwo fáànù rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ará ilé sùn. Kọ̀ǹpútà kékeré bíi ThinkCentre Tiny tàbí OptiPlex Micro kì í sábà ju 15 lọ bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì fóòtì 12, Ah 100, wáàtì-wákàtì 1,200 ló ń gbà. Tó bá jẹ́ olójé, olómi ni o, dry cell ni o, ìdajì ni kí ẹ lò: 600. Ìnfátà fúnra rẹ̀ á jẹ bíi 15, ráútà 10, kọ̀ǹpútà kékeré 15. Ogójì wáàtì, wákàtì 15 nìyẹn. Sáfà ńlá kò ní pé wákàtì mẹ́ta ààbọ̀.

Kí bátìrì tó tán, sáfà gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀, torí dátábéèsì tí iná já mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè bàjẹ́. Bí UPS yín bá ní ojú USB, NUT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, á bá yín ṣe é. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìnfátà kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ wá smart plug olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn plọ́ọ̀gì tó ń lo Wi-Fi, kí ẹ fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò gba ara ìnfátà kọjá, kó lè kú bí iná NEPA bá lọ, kí sáfà sì máa ping rẹ̀, ìyẹn ni pé kó máa pè é lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá dáhùn fún wákàtì 8, tí ráútà sì ń dáhùn, kó pa ara rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ shutdown -h now. Bí ráútà náà bá dákẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe é, kì í ṣe iná. Mo ní 8, n kò ní 15, torí bátìrì tó ti lò bí ọdún méjì kì í gba ẹ̀kún mọ́.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú rèé. Wọ́n á tan AC Recovery nínú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ kó tó gbéra, After Power Loss ni Lenovo ń pè é, kí ẹ̀rọ lè jí fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Ṣùgbọ́n bí sáfà bá pa ara rẹ̀ nígbà tí ìnfátà kò tíì kú, iná kò já lára rẹ̀ rárá, kò sì sí ohun tó máa jí i. Ẹ jẹ́ kí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré bíi àtẹ́lẹwọ́) tàbí ráútà tó ń lo OpenWrt (ètò ọ̀fẹ́ fún ráútà) fi Wake-on-LAN, ìpè ìjí orí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, jí i, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti pariwo “Up NEPA!” Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń fò sókè fò sílẹ̀, ó sì lè tún padà lọ.

Ti díìsìkì tókunbọ̀ kò gùn: kí ẹ tó sanwó, ẹ fi smartctl -a, àṣẹ tó ń ṣàyẹ̀wò ìlera díìsìkì, wò ó. Òdo ni kí ẹ bá lábẹ́ RAW_VALUE ní ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5 àti 197.

Lẹ́yìn náà, ẹ já iná NEPA fúnra yín ní Sátidé tí ẹ wà nílé, kí ẹ jókòó tì í títí sáfà á fi kú, kí ẹ sì tan iná padà, kí ẹ wò ó bóyá á jí.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn