Ìkéde: Sátidé yìí ní Olúmọ, ọlọ la fẹ́ lọ wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ẹ jẹ́ ká pàdé lẹ́nu ọ̀nà Àpáta Olúmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ká má sáré gun òkè. Abẹ́ àpáta la ó dúró pẹ́ sí, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà ogun, lásìkò tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó ní 1830. Ihò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan ṣì wà nínú òkúta ibẹ̀.

A ó tún sọ̀rọ̀ ọlọ tí omi ń yí, irú èyí tí wọ́n ń tún ṣe sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílùú òyìnbó. Omi á gbá kẹ̀kẹ́ ńlá, kẹ̀kẹ́ á yí òkúta òkè. Tìsàlẹ̀ kì í mira. Ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ náà ni! Tójú òkúta bá dán jù, wọ́n á fi irin gún un kó tún lè mú.

Ẹni tó ní ọlọ nílé, kó gbé e wá, pẹ̀lú ata díẹ̀. Èmi á gbé ti ìyá àgbà mi. Àárín rẹ̀ ti jin bí àwo. Mo fẹ́ káwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn lọ ata, torí ẹ̀rọ nìkan lọ̀pọ̀ wọn mọ̀.

Kálukú ló máa san owó ìwọlé tirẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́