Má Pa Àwọn Ènìyàn Rẹ́ Nínú Fọ́tò Rẹ

Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Paris ò mú ọ jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Àwọn fọ́tò Ilé Ìṣọ́ Eiffel tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ ti ń dúró sójú kan. Irin náà nà tààrà, ojú ọ̀run mọ́, kò sí èyí tó wọ́ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí o kọ tẹ̀lé wọn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní àwọn ènìyàn ò jẹ́ kí o ríṣẹ́ ṣe. O ní bí o bá ti gbé kámẹ́rà sójú báyìí ni ẹnìkan á gba iwájú rẹ kọjá, pé àfi kí o jí lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé àwọn tó ṣẹ́kù, o fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n rẹ́.

Jọ̀ọ́, má pa wọ́n rẹ́ mọ́.

Ilé Ìṣọ́ yẹn ò lọ síbì kan. Láti 1889 ló ti wà lórí ìdúró. Àfihàn ńlá àgbáyé ọdún náà ni wọ́n kọ́ ọ fún, ogún ọdún péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún un kí wọ́n tó tú u palẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, 330 mítà sókè. Ẹni tó bá lọ yà á lọ́la á bá a bí o ṣe bá a. Fọ́tò rẹ̀ tí kò sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀, àìmọye ènìyàn ló ti yà á, tiwọn àti tìrẹ kò sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba iwájú rẹ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ nìkan ló kọjá níwájú rẹ̀. Òun ni ìpín tìrẹ lọ́jọ́ náà, òun ni o sì jókòó tì tí ò ń pa rẹ́.

Ìlú tí o wà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1838, Louis Daguerre, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ sí títì Boulevard du Temple. Títì ló fẹ́ yà. Lásìkò yẹn, ẹ̀rọ ní láti la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí àwòrán tó mú, nítorí náà gbogbo ohun tó ń rìn, ẹṣin, kẹ̀kẹ́, èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, kò sí ọ̀kan tó hàn. Títì náà ṣófo bí ẹni pé gbogbo ìlú ti kó lọ. Àfi ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí wọ́n bá a dán bàtà rẹ̀. Ó dúró pẹ́ tó kí ẹ̀rọ rí i. Fọ́tò yìí ni a mọ̀ sí èyí tó pẹ́ jù lọ tí ènìyàn hàn nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, Daguerre náà ò ránṣẹ́ pè é, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Bàtà tó dọ̀tí ló pa wọ́n pọ̀. Nígbàkígbà tí mo bá wo àwòrán yẹn, ọ̀dọ̀ ọkùnrin bíńtín yẹn ni ojú mi ń lọ. Àwọn ilé gàgàrà tó kún ibẹ̀, mi ò lè ròyìn ọ̀kan nínú wọn fún ọ.

Fọ́tò ti ayàwòrán Marc Riboud ló tiẹ̀ wọ̀ mí lára jù, nítorí orí Ilé Ìṣọ́ Eiffel gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ọdún 1953 ni. Ẹni bí ọgbọ̀n ọdún ni Riboud, ó ti fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Lyon nítorí kámẹ́rà, kò tíì lórúkọ kankan nídìí iṣẹ́ náà. Irin Ilé Ìṣọ́ yẹn máa ń gba ọ̀dà ní bí ọdún méje-méje kí ó má baà dípẹtà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kùn ún, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Àsìkò tí àwọn akunlé wà lókè ni Riboud gùn ún lọ. Ó bá ọ̀kan nínú wọn láàárín irin, fìlà lórí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kò so okùn kankan mọ́ra, ó sì dúró bí ẹni tó ń jó, gbogbo Paris nísàlẹ̀ nínú kùrukùru. Ìwé ìròyìn Life gbé fọ́tò yẹn jáde, òun ló sì la ọ̀nà fún Riboud dé ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ńlá, Henri Cartier-Bresson àti Robert Capa, ní Magnum, iléeṣẹ́ àwọn ayàwòrán.

Bí o bá rí àwòrán yẹn, wò ó dáadáa. Ilé Ìṣọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ò sí níbẹ̀. Irin díẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun náà ò sì pé. Síbẹ̀ ẹni tó bá wò ó mọ ibi tó ti wá, á sì tún mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹnìkan ló ń gun ibẹ̀ láti kùn ún. Riboud ò bẹ akunlé náà pé kó kúrò lọ́nà kí òun lè ráyè ya irin.

Obìnrin tí o kọ̀wé nípa rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sáré lé e, tí o ní ó ba èyí tó dára jù nínú àwọn fọ́tò rẹ jẹ́, ṣé o ṣì ní i? Mo gbàdúrà pé o ò tíì sọ ọ́ nù. Òun ni mo fẹ́ rí.

Mo mọ̀ pé o lè ní ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni mò ń sọ, pé oríire ò ṣeé ṣètò. Òótọ́ ni, kò ṣeé ṣètò, ṣùgbọ́n ó ṣeé dúró dè. Bí o bá dé Trocadéro, gbàgede tó dojú kọ Ilé Ìṣọ́ náà, yà á lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn rẹ balẹ̀ pé o ti yà á. Lẹ́yìn náà, sún un sí apá kan fọ́tò, fi àyè sílẹ̀ lápá kejì, kí o wá dúró. Má rìn káàkiri. Ẹni tó ń rìn káàkiri ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ènìyàn ló máa ń rí ṣáá. Ẹni tó dúró, àwọn ènìyàn ló ń rìn wá bá a, bó bá sì ti pẹ́ díẹ̀, wọn ò ní kà á sí mọ́. Ti kámẹ́rà sí spídì tó yá, 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá tàbí èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tó ń rìn má baà fà, kí o sì ti tún lẹ́ǹsì ṣe sílẹ̀ sí ibi tí ènìyàn á dé. Nígbà tí ohun tí o ń retí bá dé, kò ní sí àyè láti máa tẹ bọ́tìnì kiri.

Ronú nípa ìmọ́lẹ̀ náà. Láàárọ̀, ẹ̀yìn Ilé Ìṣọ́ ni oòrùn ti ń yọ bí o bá wà ní Trocadéro, nítorí náà òjìji dúdú ni gbogbo ẹni tó bá kọjá máa jẹ́; ìrìn wọn àti ìdúró wọn ni kí o máa ṣọ́. Nírọ̀lẹ́ ni ojú ènìyàn ń gba oòrùn. Bó bá di alẹ́, iná tó ń ṣẹ́jú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún gílóòbù, máa ń tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní orí wákàtí. Nígbà náà, kọ ẹ̀yìn sí Ilé Ìṣọ́, kí o sì wo ojú àwọn tó ń wò ó. Bí o bá sì fẹ́ ibi tí kò pọ̀ lérò tó bẹ́ẹ̀, lọ sí afárá Bir-Hakeim, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba òkè orí ẹni kọjá. Àwọn ìyàwó àti ọkọ tuntun máa ń wá ya fọ́tò níbẹ̀ ní ìdájí. Bá wọn yọ̀, kí wọn kú oríire, inú wọn á dùn sí i.

Nígbà tí èmi náà dé Paris, mo wà ní Trocadéro lówùúrọ̀ kùtù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìkùukùu ti bo òkè Ilé Ìṣọ́ náà, ìdajì péré ló hàn. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ wò mí títí, ó wá fi ọwọ́ pè mí. Mo ní "bonjour", òun náà ní "bonjour", ibẹ̀ ni Faransé mi parí sí. Ó mú mi lọ síbi tí òkúta ilẹ̀ ti jìn díẹ̀ tí omi òjò dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tọ́ka. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í. Ìdajì tó hàn náà ti bá òjìji rẹ̀ so pọ̀ nínú omi, ó di odidi. Ẹni tó ń gbá ibẹ̀ lójoojúmọ́ ló lè mọ ibi tí omi ń dúró sí. Èmi tí mo gbé ọkọ̀ òfuurufú wá, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mo fi ọwọ́ bi í bóyá mo lè yà á. Ó nà ró, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká. Òun ni bàbá tó wà lára ògiri pálọ̀ wa tí o máa ń bi mí nígbà tí o wà ní kékeré pé ta ni. Gbogbo àlejò tó wọlé, òun ni wọ́n ń béèrè. N kò rántí ẹni tó béèrè Ilé Ìṣọ́.

Wo bí "bonjour" kan ṣe ṣiṣẹ́ tó. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láì kọ́kọ́ kí i. Wọn ò fẹ́ràn kí ènìyàn kàn já lu ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ò ṣe fẹ́ ẹ. Bí àlejò bá sì na fóònù sí ọ pé kí o ya òun àti ẹbí òun, má kọ̀ láéláé, kódà bí ìmọ́lẹ̀ tí o ń dúró dè bá ń lọ. Yà wọ́n dáadáa, má gé ẹsẹ̀ wọn, má gé ṣóńṣó Ilé Ìṣọ́. Lẹ́yìn náà, béèrè bóyá o lè fi kámẹ́rà tìrẹ yà wọ́n. Ẹnu ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn, àwọn fúnra wọn ló sì ṣí i fún ọ.

Ẹni tó bá sọ pé rárá, rárá ni. Òfin ilẹ̀ Faransé fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí àwòrán ara rẹ̀, nítorí náà má gbé ojú ẹnikẹ́ni síta láì gbàṣẹ. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí o bi. Iná alẹ́ Ilé Ìṣọ́ náà pàápàá ní olóhun: o lè yà á fún ara rẹ, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ fi pa owó, gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní òun ṣa òrùka wúrà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ, tàbí tó gbé ìwé wá pé kí o fọwọ́ sí i, rẹ́rìn-ín sí i, di báàgì rẹ mú, kí o sì máa lọ.

Ẹni tí o bá yà, fún un ní tirẹ̀. Gba ímeèlì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Má sọ pé tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀. Mo mọ àwọn ayàwòrán púpọ̀ tí wọ́n ṣèlérí lójú títì tí wọn ò sì mú un ṣẹ, ó sì ń dùn mí, nítorí ẹni tó gbà kí o ya òun ti fún ọ ní nǹkan. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kọ ọjọ́ àti ibi tí o ti yà á sẹ́yìn, kí o mú un lọ fún un. O mọ ibi tó wà.

Lẹ́ǹsì kan péré ni kí o mú dání lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì wọ aṣọ tó nípọn. Orí rẹ á gbé ọ ko ẹni rere, wàá máa ṣe kòńgẹ́ ire lọ́jọ́ gbogbo. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.