Kì Í Ṣe Ahun Ni Wọ́n, Owó Ọ̀sẹ̀ Ló Ń Dí Ọ̀nà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn tá à ń rí kà ní Yorùbá níbi tá a wà l'Ábújá yìí, torí Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan làwọn ọmọ mi ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń kọ ojú ewé eré ìdárayá yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ahun làwọn tó ni kílọ́ọ̀bù ńlá ńlá ní England, pé owó wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò kàn fẹ́ ná an ni, ó wá fi Osimhen, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Napoli nígbà yẹn, ṣe àpẹẹrẹ, pé ṣebí Chelsea lówó, kí ló dé tí wọn ò rà á lọ́dún 2024. Mo kà á tán, mo tún un kà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà.

Kọ́ńtírátọ̀ ilé ni mí, Lugbe ni sáìtì mi wà, Kubwa ni mò ń gbé, Arsenal ni mò ń ṣe látìgbà tí Kanu ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n ti sáìtì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo ní bíríkìlà márùn-ún, ₦12,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà lójúmọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọkàn kálukú sì balẹ̀. Ìgbà tí onílé wá ń lé mi léré, mo ránṣẹ́ sí bíríkìlà kan n'Ílọrin tọ́wọ́ ẹ̀ dáa gan-an, ó ní òun ò lè wá sí Àbújá láìjẹ́ pé mo san ₦18,000. Mo ní kò burú. Mo ṣáà rò ó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré ló fi lé sí i, mo sì kìlọ̀ fún un kó má sọ fẹ́nì kankan. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi gbọ́. Mo dé sáìtì láàárọ̀, mo bá àwọn márààrún lábẹ́ igi dongoyárò, kò sẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì. Àgbà inú wọn, tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ṣì wà ní Nyanya, ló dá mi lóhùn, kò tiẹ̀ pariwo, ó ní, "Ọ̀gá, èyí tẹ́ ẹ fún un kọ́ ló dùn mí o, èyí tẹ́ ò fún mi ni." Mi ò rí nǹkan sọ. Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mẹ́ta kún ti gbogbo wọn. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tí mo rò pé mo ná ti di ₦21,000 lójúmọ́, onítáìsì tí mo ti bá dúnàádúrà tán pé kó máa bọ̀ láti Kútọnu, mo ní kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù. Gbogbo wọn ló ní ètò owó oṣù tiwọn, iye tọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní akádẹ́mì ń gbà, iye tẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń gbà, àti iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà kọjá, ì báà jẹ́ ta ni. Ìka ò dọ́gba, kò sẹ́ni tó ń bínú síyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú àlejò wọlé, tẹ́ ẹ fún un ní ìlọ́po méjì owó ẹni tó ti ń gbá góòlù wọlé fún yín látọjọ́ yìí, ejẹ́ǹtì onítọ̀hún ò ní pẹ́ dé ọ́fíìsì yín.

Àwa tá à ń ṣe Arsenal, ojú wa ti rí i. Lọ́dún 2013 a ra Özil, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Germany, ní páun mílíọ̀nù 42.5, mo rántí alẹ́ ọjọ́ yẹn dáadáa, a ò sùn ní Kubwa. Ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, Sánchez tóun náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa ń lọ sí Manchester United, ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá pé Özil náà á lọ lọ́fẹ̀ẹ́ tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ bá parí, ni wọ́n bá fún un ní kọ́ńtíráàtì tuntun tí ìròyìn sọ pé ó tó £350,000 lọ́sẹ̀. Ẹ kà á lọ́nà 52, ó ju páun mílíọ̀nù 18 lọ lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá kà á fún ọdún mẹ́ta, ó ju iye tí wọ́n fi rà á lọ́wọ́ Real Madrid lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò ra ẹnì kankan o, ẹni tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ni. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, January 2019, Emery tó jẹ́ kóòṣì jáde ó ní kò sówó láti ra ẹnikẹ́ni, pé ká yá èèyàn lò nìkan ló kù, Denis Suárez ni wọ́n sì yá lọ́wọ́ Barcelona. Ramsey tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti 2008, wọ́n gba kọ́ńtíráàtì tí wọ́n fẹ́ fún un padà lọ́wọ́ ẹ̀, ó bá Juventus lọ, kọ́bọ̀ ò wọlé. Özil fúnra ẹ̀ ò ṣeé tà, torí ta ló fẹ́ gba ẹrù yẹn rù? Ó jókòó títí di January 2021 kó tó lọ sí Fenerbahçe.

Sánchez ọ̀hún ńkọ́? United ò tiẹ̀ sanwó rà á, wọ́n fi Mkhitaryan, agbábọ́ọ̀lù tiwọn, ṣe pààrọ̀ ni, gbogbo ayé ní wọ́n rí ọjà pọ́ọ́kú. Góòlù 5 ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 45. Ìgbà tí wọ́n sì fi máa yá a fún Inter lọ́dún 2019, wọ́n ṣì ń bá wọn san lára owó oṣù ẹ̀.

Ti Barcelona ló burú jù. August 2021, Messi ti gbà pé kí wọ́n gé owó òun sí ìdajì, síbẹ̀ líìgì Spain ò gbà kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ààrẹ wọn Laporta sì là á mọ́lẹ̀ pé tí Messi bá wà níbẹ̀, owó oṣù wọn á jẹ́ ìdá 110 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé, tí kò bá sí níbẹ̀ gan-an, 95 ni. Messi sunkún lójú gbogbo wa. Èmi tí mi ò ṣe Barcelona rí, mo sunkún.

Ó kan Osimhen báyìí. Ọmọ wa ni, góòlù 26 tó gbá wọlé ló jẹ́ kí Napoli gba líìgì Italy ní sáà 2022/23, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó tó sí i, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìròyìn ìgbà yẹn fi yé wa pé owó oṣù lòun àti Chelsea ò rí yanjú tí àkókò tí wọ́n fi ń ra agbábọ́ọ̀lù fi parí, torí Chelsea ti ń dín owó ọ̀sẹ̀ kù látìgbà táwọn tó ni ín báyìí ti dé, wọ́n ń fi bọ́nọ́ọ̀sì dí i. Palmer tó gbá góòlù 22 wọlé fún Chelsea ní líìgì sáà 2023/24 wà nílé. Tí wọ́n bá fún àlejò lówó tó ju tiẹ̀ lọ gan-an, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Mo ti dúró lábẹ́ igi dongoyárò rí, mo mọ bó ṣe ń rí. Galatasaray ló yá Osimhen, tí wọ́n sì rà á pátápátá lọ́dún 2025 ní mílíọ̀nù 75 yúrò, inú mi dùn sí i fún un.

UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, náà ti dá sí i. Láti sáà 2025/26, kílọ́ọ̀bù tó ń kópa nínú ìdíje Yúróòpù, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù àti kóòṣì, owó ejẹ́ǹtì, àti owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n pín sórí ọdún kọ́ńtíráàtì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ papọ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé. Tówó oṣù bá ti jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀, kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra èèyàn?

Ìgbà tí Arsenal mọ́kàn le, tí wọ́n jẹ́ káwọn tó ń gba owó gọbọi lọ, Aubameyang náà lọ lọ́dún 2022, ìgbà yẹn ni wọ́n tó rówó fi kọ́ńtíráàtì tuntun tẹ́ Saka lọ́rùn ní May 2023, ọmọ Yorùbá wa, kí wọ́n tó ra Rice ní páun mílíọ̀nù 100 lóṣù July, mílíọ̀nù 5 mìíràn sì lè tẹ̀ lé e. Inú ilé ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ iye tí wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ iye tí wọ́n ní wọ́n á máa san fún un lọ́sẹ̀ àti ọdún tó fọwọ́ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá wa béèrè ti ilé náà, Kano Pillars àtàwọn kílọ́ọ̀bù ìjọba ìpínlẹ̀ tó kù, owó ìlú ni wọ́n ń ná, ó yẹ ká mọ iye tó ń kan agbábọ́ọ̀lù àti ọjọ́ tó ń kàn án lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ ń wo bọ́ọ̀lù ní Kubwa, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n ń nà sí mi lójú tá a bá ń jiyàn lọ́jọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tó fi ká mi lára tó báyìí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Kubwa, Àbújá