Ẹ fún àwọn tó ń wá ọmọ ní àyè lójú ewé ewì yín

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn tó ń wá ọmọ sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé ìròyìn Yorùbá: àyẹ̀wò, àgbo àti àdúrà. A ò bá èyíkéyìí nínú wọn jà. Àmọ́ láàárín àyẹ̀wò kan sí òmíràn, oṣù a máa gorí oṣù, ọkàn ẹni tó ń retí kò sì ríbi sinmi lé. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ lójú ewé ewì yín fún ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá fọwọ́ ara wọn kọ. A ó sì sọ bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́, nítorí kíkọ tí kò létò lè dá kún ẹrù.

Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àgbàlagbà 6, bí ẹni 1 ló ń ní ìṣòro àìrọ́mọbí nígbà kan láyé rẹ̀. Agboolé wo ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni èyí kò ní kàn?

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ gan-an ń dun obìnrin. Ẹni tí wọ́n jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà ti di Ìyá Ṣadé, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Ìbejì, òun ṣì ni “Ìyàwó” lẹ́yìn ọdún 10. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n fún un kì í ṣe pé kó kọ nípa ìbànújẹ́ rẹ̀. Ìwàásù ló máa kọ bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Kó kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n pè é láti àárọ̀ di alẹ́ ọjọ́ kan: ta ló pè é, níbo ló wà, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìlà 12 sí 15 ti tó. Ohun tí kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni á ti jáde láìjẹ́ pé ó wá a.

Ọ̀nà kejì ní ìwádìí nínú. Lọ́dún 1986, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti Sandra Beall tẹ iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lójúmọ́, fún ọjọ́ 4 léraléra, nípa ohun tó dùn wọ́n wọra jù, kí àwọn mìíràn sì kọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ọkàn àwọn tó kọ ohun tó dùn wọ́n bàjẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Kì í ṣe àwọn tó ń wá ọmọ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, síbẹ̀ ètò rẹ̀ bá wọn mu.

Fún ẹni tó ń wá ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é, ìwé ẹlẹ́wé 40 tí wọ́n ń tà ní Tàkíé nílùú wa ti tó, pẹ̀lú bírò kan. Kó fi fóònù ka ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó má gbé bírò sókè, kó má ronú kan àmì ohùn. Bí ọ̀rọ̀ bá gbẹ, kó tún ìlà tó kọ gbẹ̀yìn kọ títí òmíràn á fi dé. Kó má kọ ọ́ lórí ibùsùn lóru, oorun á fò lọ. Ìrọ̀lẹ́ dára, kó sì fi ìṣẹ́jú 10 jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀, kó ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè sọ ọ́ sínú fóònù.

Ó lè bàjẹ́ bó bá di ọjọ́ kẹta. Èèyàn á máa yí po lórí ohun kan náà, ìyá ọkọ ló sọ báyìí, ìyálé ló wo òun báyìí, ọgbẹ́ á wá máa jinlẹ̀. Pennebaker rí i lẹ́yìn náà pé àwọn tí ó ṣe láǹfààní jù ni àwọn tí ọ̀rọ̀ bíi “nítorí” àti “mo wá rí i pé” ń pọ̀ sí i nínú ìwé wọn láti ọjọ́ kan sí èkejì. Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹta, kó fi “Nítorí” bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́ta ó kéré tán. Bí ẹ̀mí bá sì ń sọ fún un pé kó pa ara rẹ̀, kó pa ìwé dé lọ́jọ́ náà gan-an, kó lọ rí dókítà.

Àwa Ọ̀yọ́ tún ní ohun èlò tí ìgbàgbé ti ń bò: ẹkún ìyàwó, ewì tí ìyàwó máa ń sun nígbà tó bá ń lọ sílé ọkọ. Ìyàwó tó ń sunkún náà ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ fún ìyá, fún bàbá, fún ẹbí ọkọ, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dákẹ́. Ẹni tó ń wá ọmọ lè gba àṣẹ yẹn padà, kó bá ilé ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí kó bá àwọn tó ń bi í léèrè sọ̀rọ̀:

Mo gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀,
Àlejò mi ò tíì kan ìlẹ̀kùn.
Ẹ má bi mí pé ọmọ dà,
Ẹ bi mí bóyá mo rí oorun sùn lánàá.

Bí “èmi” bá wúwo jù, kó sọ ọ́ di ìtàn, kó fún obìnrin náà lórúkọ. Kó má bẹ̀rẹ̀ láti orí omijé. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo oyin tí wọ́n gbé kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, ẹni tó gbé e, bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí tí kò dé.

Àwọn tó bá fẹ́ jókòó pọ̀ kọ ọ́, kí wọ́n má ju ẹni 8 lọ. Kò sí túláàsì nínú kíkà sókè. Ẹni tó bá kà, “a gbọ́” nìkan ni èsì: kò gbọdọ̀ sí ìmọ̀ràn, kò gbọdọ̀ sí orúkọ babaláwo tàbí wòlíì. Kí àdúrà dúró títí ẹni náà á fi béèrè, nítorí “Ọlọ́run á ṣe é” tó bá yára jù máa ń pa ẹnu onítọ̀hún dé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lóyún, kó sọ fún olórí ẹgbẹ́ nìkan, kí olórí fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn yòókù ṣáájú ìpàdé, kí ẹni tó máa sunkún lè sun ún nílé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kan: kíkọ̀wé kì í ṣí ilé ọmọ. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún 35 tó ti ń gbìyànjú fún oṣù 12, tàbí èyí tó ti pé 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ti lo oṣù 6, dókítà ló kàn, àti ọkọ àti aya. Bí ìdajì ọ̀ràn wọ̀nyí ni àìlera ọkùnrin wà nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò sì le: kí ọkùnrin yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kí ohun tó gbà náà dé ilé àyẹ̀wò kó tó pé wákàtí 1. Déètì nǹkan oṣù àti èsì àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀, kí ọwọ́ dókítà má baà ṣí ìwé ọkàn.

Tí ẹ bá gbà wá láyè, Olóòtú, ẹ tẹ ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láìsí orúkọ, láìsí fọ́tò. Ẹ má ṣe yí i padà di ẹ̀rí tó parí sí ayọ̀ bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì tẹ ìpolówó àgbo ìbímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá àti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.