Lẹ́tà sí Àkànní, kó tó lọ sídìí àgọ́

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, 2024

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ àná. Ẹkún ló gbà mí lẹ́nu tí n kò fi dá ọ lóhùn, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti pàgọ́ sórí pápá ilé ẹ̀kọ́, bí àwọn ti yunifásítì Columbia ní New York ṣe ṣe, nítorí ogun Gásà. Wọ́n ní ìwọ ni kó dúró níwájú tí ọlọ́pàá bá dé, torí o ti jagun rí, ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọmọ mi, ọ̀sà náà ń gbé ènìyàn lọ.

N kò ní kí o dákẹ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, 2021, tí bọ́ǹbù bú lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Kábùlù, tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà 13 kú pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ará Afghanistan, mo pe nọ́ńbà rẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá ti irú ibẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ogun ń fojú ọmọ ọlọ́mọ rí. Bí irú yín ò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Ṣùgbọ́n lọ́yà lo ní o fẹ́ dà, láti kékeré lo sì ti ń wí i. Oṣù 36 péré ni GI Bill, owó tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń rán àwọn tó ti ṣe ológun lọ sílé ẹ̀kọ́, fi ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Bí wọ́n bá lé ọ, owó náà á dúró, wọ́n sì lè ní kí o dá lára èyí tí wọ́n ti san padà. Fọ́ọ̀mù àwọn tó ń gba ènìyàn wọlé sí iṣẹ́ lọ́yà tún ń bọ̀ níwájú, wọ́n á bi ọ́ bóyá ọlọ́pàá ti mú ọ rí. Mo bi lọ́yà kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n mú ènìyàn ló sábà máa ń ba ọ̀ràn jẹ́ jù, pé kí ó fi í pamọ́ ló burú. Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni n kò ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn rò. Ohun tí o kò bá ní lè fọwọ́ ara rẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, má ṣe é. Ọ̀sán ni kí o lọ. Má bojú. Bí wọ́n bá bi ọ́ lórúkọ, dá wọn lóhùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń fọ́ fèrèsé, kúrò níbẹ̀, kí o sì mú àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ tìrẹ dání.

John Kerry tí o mọ̀ yẹn, ojú ogun Vietnam ló ti bọ̀ tó fi jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, 1971, tó sọ fún wọn ní gbangba pé ogun náà kò tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ kọ́ òfin, tó di lọ́yà, tó sì di sẹ́nétọ̀ fúnra rẹ̀. N kò ní tàn ọ́ o: ní 2004 tó ń du ipò ààrẹ, wọ́n hú ọ̀rọ̀ ọdún 33 sẹ́yìn jáde, wọ́n fi gbógun tì í. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ lójú gbogbo ayé ni, kò sí ohun tó fara pamọ́ níbẹ̀ tí wọ́n lè ká mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni Kent State, yunifásítì kan ní Ohio, níbi tí àwọn ọmọ ogun National Guard ti yìnbọn lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí àwọn kan ń fẹ̀hónú hàn lórí ogun Vietnam. Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, 1970: ìbọn dún fún ìṣẹ́jú àáyá 13, akẹ́kọ̀ọ́ 4 kú, 9 fara gbọgbẹ́. Kíláàsì ni Sandra Scheuer ń lọ ní tirẹ̀. William Schroeder ń kọ́ iṣẹ́ ológun, ó kàn dúró ń wò ni. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá tún pa èèyàn 2 ní Jackson State, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ìyẹn ni àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ rántí.

Nínú àgọ́ yẹn, bóyá ìwọ nìkan lo mọ bí ìbọn ṣe ń dún létí ẹni. Má fi àyà rẹ ṣe asà fún ẹnikẹ́ni. Dúró síbi tí o ti lè máa wo ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá, bí nǹkan bá sì fẹ́ yí padà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ pariwo pé kí àwọn ọmọ yẹn sẹ́yìn.

Ìdánwò rẹ kù díẹ̀. Jọ̀ọ́, wọlé ṣe é.

Kí o tó jáde, fi bírò kọ nọ́ńbà mi sí apá rẹ, torí wọ́n máa ń gba fóònù. N kò ní sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ