Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìhunṣọ tí o ní kí n rà

Lyon, ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi,

O kú ilé o. Màmá ńkọ́, Bàbá Ìbejì ńkọ́? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ohùn mẹ́ta tí o gbà ránṣẹ́ láti Kétu, mo gbọ́ gbogbo wọn. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì, nítorí náà má sọ fún Màmá mọ́ pé mo ti gbàgbé yín.

Owó ẹ̀rọ ìhunṣọ tí o fẹ́ fi hun fìlà ọmọ tuntun mẹ́fà tí oníbàárà ní kí o ṣe, n ò ní í fi ránṣẹ́. Kì í ṣe ahun ni mo ń ṣe o. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò nílé níbí sábà máa ń ní abẹ́rẹ́ 200, etí tábìlì ni wọ́n ń dè é mọ́, kò ṣeé gbé lọ sọ́jà. Bí o bá ń tì í lọ tì í bọ̀, ariwo rẹ̀ á jí àwọn ọmọ. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń di àwọn abẹ́rẹ́ mú. Bó bá pẹ́, á tẹ́, abẹ́rẹ́ á máa fo ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tó wà lórí abẹ́rẹ́. Níbo lo ti fẹ́ rí òmíràn rà ní Kétu? Ká má tíì sọ eruku ọyẹ́.

Ọwọ́ lo máa fi hun ún. O ní kò sí àyè. Ó dáa, jẹ́ ká ṣírò ó. Fìlà ọmọ tuntun, ojú 80 lo máa dá sórí abẹ́rẹ́ mìlímítà 4. Ìlà 6 àkọ́kọ́, hun ojú kan ní iwájú, èkejì ní ẹ̀yìn, kó lè máa fà. Lẹ́yìn náà, ìlà kan iwájú, ìlà kan ẹ̀yìn, títí ìlà á fi pé 32. Kí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in: hun ojú 8, pa méjì pọ̀ ṣe ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin ìlà. Ó ku 72. Má dín ìlà tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí o bá padà dín in, ojú 7 ni wàá hun kí o tó pa méjì pọ̀, lẹ́yìn ìyẹn 6, títí á fi ku ojú 8. Fa òwú gba inú wọn, so ó, kí o rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ìlà 50 ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá ń hun ojú 20 ní ìṣẹ́jú kan, ìlà kan gba ìṣẹ́jú 4. Ìdajì wákàtí lójúmọ́, ìlà 7. Ọ̀sẹ̀ kan, fìlà kan! Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 16, fìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á parí ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Ṣé Bàbá Ìbejì tiẹ̀ mọ̀ pé o ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà?

Ìlà tí kò ní dídín ni kí o máa gbé lọ sọ́jà. Dídín, tó gba kíkà, fi í di ìgbà tí àwọn ìbejì bá sùn. Má hun nídìí ààrò: òwú akírílíìkì a máa yọ́ bí iná bá rà á, èéfín a sì máa wọ̀ ọ́ lára. Bí o bá fi òrí para, nu ọwọ́ rẹ dáadáa kí o tó fọwọ́ kàn án.

Ihò tó wà lára fìlà inú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ yẹn, kì í ṣe òwú ló já. O fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlà ni. Nígbà tí o padà dé, o gbé e sódì, o hun padà sórí ibi tí o ti hun tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan wá fi ìlà méjì ga ju èkejì lọ, ibi tí o ti yí padà sì ya ẹnu. Ọmọ tó ń ké, jẹ́ kó ké díẹ̀, parí ìlà náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, rántí pé abẹ́rẹ́ tí òwú ti ń já bọ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún ń mú. Ní gbogbo ìlà 10, fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gba òwú aláwọ̀ mìíràn kọjá nínú gbogbo ojú, kí o fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Táyé bá fa abẹ́rẹ́ yọ, ibẹ̀ ni títú á dúró sí.

Àwọ̀ méjì tó hàn lára fìlà náà ńkọ́? Nọ́ńbà aró wà lára bébà tí wọ́n fi wé òwú. Bí kò bá dọ́gba lára gbogbo òwú tí o ń rà, má rà á. Bọ́ọ̀lù 50 gíráàmù kan tó fìlà kan. Mo ti fi 30,000 sẹ́fà ránṣẹ́ fún òwú, òwú nìkan.

Ẹnìkan ń bọ̀ ní Kútọnù lọ́jọ́ 14, òun ni màá fi abẹ́rẹ́ olókùn (abẹ́rẹ́ méjì tí okùn so pọ̀) rán, èyí tí ojú kì í tètè yọ́ bọ́ lórí rẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ mìlímítà 4 hun ègé kékeré kan lójú 30, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 12. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, má fà á, kí o ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 láàárín rẹ̀, má ka etí. Bó bá jẹ́ 22, mìlímítà 4 ni màá rà. Bó bá jẹ́ 24, ọwọ́ rẹ le, 4 ààbọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 20, 3 ààbọ̀. Fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ 12, má sì bù ú mọ́ mi o.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ