Lẹ́tà sí Láńre, nítorí ìbọn ara ògiri

Láńre ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara àwọn ọmọ le? Fọ́tò ìbọn àtijọ́ náà dé, ó sì wuyì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. O ní o ti gbé e kọ́ sí pálọ̀, o kò sọ bóyá o yẹ inú rẹ̀ wò.

Ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu kì í fi í hàn pé òun kún. Ẹni tó ki í ti lè kú láti ayébáyé, kí ẹ̀tù ṣì wà nídìí rẹ̀, nítorí ẹ̀tù tí omi kò kàn kì í kú bọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, lé àwọn ọmọ síta. Yọ òkúta tó ń ta iná, èyí tó wà lẹ́nu òòlù rẹ̀, ná, má sì dúró síwájú ẹnu ìbọn. Wá igi tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe irin o. Tì í wọlé títí yóò fi dúró, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i níbi tó ti kan ẹnu ìbọn. Fà á yọ, kí o tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn níta, kí àmì yẹn bá ẹnu mu. Ó yẹ kí orí igi dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé. Bí ó bá ku ìka méjì tàbí mẹ́ta, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé agbọ́n, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tù àti ọta. Má gbẹ́ ẹ, má fi iná sún mọ́ ọn. Rọ omi gba ihò yẹn, kí o ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún ìbọn àtijọ́ ṣe. Kò kúkú sí àgbọ̀nrín ní pálọ̀ yín.

Ti ọ̀rọ̀ TOWER tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn orúkọ ilé ohun ìjà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní London, rọra máa yọ̀. Ìbọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti 1797 máa ń ní adé àti GR, àmì Ọba George, ọ̀pá rẹ̀ á sì gùn tó ínṣì 39. Àwọn oníṣòwò náà ń kọ TOWER sára èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa, torí orúkọ náà ń tajà. Bí o bá rí àmì ELG, Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ló dùn ún kó jọ.

Má fi sáńpépà kàn án! Epo fẹ́ẹ́rẹ́ àti wúùlù irin 0000, èyí tó kúnná jù, ti tó. Àwọ̀ ilẹ̀ tó mú yẹn lowó rẹ̀. Bí o bá fi dán, o ti bà á jẹ́.

Màámi ń kí ọ, Táíwò ti gbéyàwó, ọ̀nà wa ṣì bàjẹ́.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Brandon ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń gé òkúta ìbọn fún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láyé ogun Napoleon, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń kó o wá sí Áfíríkà lẹ́yìn náà. Bá mi wá mẹ́fà, ìwọ̀n ti mọ́síkẹ́ẹ̀tì, ìbọn gígùn àwọn ológun àtijọ́, tó fẹ̀ ju ínṣì kan lọ díẹ̀. Òkúta ṣakabùlà Bàbá Ọlọ́dẹ ti jẹ tán, igun kan ṣoṣo ló ń kan irin, kò sì ta iná mọ́. Mú èyí tí etí rẹ̀ gún gbọọrọ. Awọ tí màá fi dì í kó má yẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Màámi ni kí o fi ránṣẹ́ sí, má fi sí ilé wa. O mọ ìyàwó mi.

Èmi ni,
Déolú